Ìdè Tó Ń Yí, Tí Kò Já

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí yìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín: tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ wá ẹni tó gọ̀ jù ní gbogbo Agbowó, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa kọjá níwájú ilé tí mò ń gbé kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo ti mọ̀. Ẹ ò ní kọjá rárá. Ẹ máa yà wọlé tààrà ni.

Kí ẹ má bàa rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ lásán, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dúró níwájú ọmọ lẹ́sìn méjìlélógún, mo gbé ohun méjì tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ sókè, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan kàn nà gbọọrọ ni, èkejì ká kò. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá bá ìyá ẹ̀ lórí ìdúró, tó kí i, tó tún padà bá a lórí ìjókòó, tó wá ń bi í pé, "Ẹ kú ìjókòó o, mà. Ṣé ẹ rí ìyá mi?"

Mo máa dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti wá.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé, tí a sì ń fi Faransé jìyà níléèwé. Káfíńtà ni bàbá mi. Lọ́dún tó kọjá mo ṣe báàkì, ìdánwò àṣejáde wa, mo sì yege, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fo kòtò tí gìgísẹ̀ ẹ̀ ṣì kan omi ni mo ṣe yege. Mo wá ní Ìbàdàn ni mo fẹ́ lọ. Bàbá mi wò mí títí.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ wá nǹkan ṣe, sà. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ kàwé sí i."

"Ó dáa. Títí tí a ó fi kórè àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì. Tí nǹkan kan ò bá dúró lọ́wọ́ ẹ nígbà yẹn, o máa padà wá mú ayùn."

Èmi àti ayùn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo ní àpá mẹ́ta lọ́wọ́ òsì tó lè jẹ́rìí. Nítorí náà, bí mo ṣe dé Ìbàdàn kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fi gba àkókò yín. Mo dé. Ó tán.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí kì í ṣe bí ìlú ṣe tóbi tó. Ẹnu mi ni. Láti kékeré ni mo ti gbà pé Yorùbá ni mò ń sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bọ́ síta, mo kí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa dáadáa, mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá, mo sì sọ ohun tí mo fẹ́ rà. Ó gbọ́ mi tán, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá gbọ́ ẹnu ọmọ yìí o! Ibo lo ti wá?"

"Kétu ni, mà."

"Ọmọ Kútọnu ni!"

Bí mo ṣe di Kútọnu nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì dé Kútọnu láyé mi, òjò sì rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Agbowó lónìí, tí ẹ bá pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ajá pàápàá ò ní gbójú sókè.

Ẹ̀rù kejì, inú Máíkírà ló ti bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn mọ ọkọ̀ kékeré yẹn tí wọ́n fi ń gbé èrò. Èèyàn mẹ́rin ló ń jókòó sẹ́yìn, ibẹ̀ ò sì gbà ju mẹ́ta lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé òfin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ọmọ ìlú mọ̀ láti inú oyún: ẹni àkọ́kọ́ á fẹ̀yìn ti àga, ẹni kejì á sún síwájú, ẹni kẹta á fẹ̀yìn tì, ẹni kẹrin á sún síwájú. Èjìká ẹnìkan á bọ́ sí àyè tí èjìká ẹnìkejì ṣí sílẹ̀. Gbogbo wọn á wá rọra máa lọ sí Dùgbẹ̀, bí eyín inú ẹnu.

Èmi jókòó gbagidi bí ẹni tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Èjìká mi gbún ti ìyá kan tó gbé báàgì sórí itan.

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú."

Mo sún síwájú, àmọ́ òun náà ti rò pé mi ò gbọ́, ó ti sún síwájú. A tún forí èjìká gbára. Mo yára fẹ̀yìn tì. Òun náà fẹ̀yìn tì.

"Ṣé ijó ni a wá jó níbí ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

Dẹ́rẹ́bà wo dígí. "Ta lẹ̀ ń bá jà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn?"

"Kì í ṣe ìjà," ni ìyá náà wí, "àlejò ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó."

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ní báàkì.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, Ìyá Bọ́lá, lọ́dọ̀ ẹni tí mò ń gbé, ló mú mi lọ sí ilé lẹ́sìn kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ọ̀gá Láyí ló ni ín, ọkùnrin gíga kan tí kì í bọ́ táì, oòrùn ìbáà máa yọ́ ọ̀dà ojú títì. Ó ní ẹ̀ka kejì ní Challenge. Ilé lẹ́sìn mìíràn sì wà nísàlẹ̀ wa gan-an, nínú ilé kan náà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Ọ̀gá sùn: tí ọmọ kan bá ti bọ́ sílẹ̀ lórí àkàbà tó pẹ́ díẹ̀, Ọ̀gá á ti lọ yọjú wò bóyá ó yà sísàlẹ̀.

Bọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ ń nù. Lẹ́yìn náà mo ń to àga, mo ń ṣe fọ́tókọ́pì nóòtì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Challenge. Tísà kẹ́mísìrì wa ni Àǹtí Mosún, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn ẹ̀ ga jù ú lọ. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn tí mo débẹ̀, Àǹtí Mosún ní ìwé òun ti jáde, òun ń lọ sí Kánádà. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá tísà. Ó wá, ó wá, ojú ẹ̀ wá balẹ̀ sára mi níbi tí mo ti ń gbọn dọ́sítà.

"Kútọnu, wọ́n ní sáyẹ́ǹsì lo ṣe. O mọ kẹ́mísìrì?"

"Èdè Faransé ni mo fi mọ̀ ọ́n, sà."

"Ṣé omi ti Faransé yàtọ̀ sí omi tiwa ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Sátidé méjì. Ní Sátidé àkọ́kọ́ o máa ran Àǹtí Mosún lọ́wọ́. Ní ìkejì, ìwọ nìkan lo máa kọ́ wọn, màá jókòó sẹ́yìn. Tó bá dáa, kíláàsì di tìẹ. Tí kò bá dáa, mo ní ẹnìkan ní Akóbọ̀ tó ń dúró."

Ẹ bá mi wò ó. Lọ́wọ́ kan, kíláàsì. Lọ́wọ́ kejì, ayùn. Àgbàdo sì ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ ní Kétu.

Mo ní màá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nílé lẹ́sìn yẹn. Mo lọ ṣa àjákù pákó ní ọjà pákó Bódìjà, mo sì gbẹ́ bọ́ọ̀lù kéékèèké. Dúdú ni mo kun káábọ́ọ̀nù, funfun ni mo kun háídírójìn. Mo fi igi ìgbálẹ̀ so wọ́n pọ̀: káábọ́ọ̀nù mẹ́rin tò tẹ̀ lé ara wọn, háídírójìn mẹ́wàá sì yí wọn ká. Bútéènì nìyẹn, gáàsì tó máa ń wà nínú láítà. Méjì ni mo ṣe, kí ọmọ tó wà lápá òsì àti èyí tó wà lápá ọ̀tún lè rí i dáadáa.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́n ń mì. Tí mo bá gbé e, ìdajì á yí lọ sápá kan, ìdajì á yí lọ sápá kejì. Ọmọ káfíńtà ni mí. Látìgbà tí mo ti mọ òòlù ni bàbá mi ti ń sọ pé ohun tó bá ń mì, kí n kàn án mọ́lẹ̀. Mo ra gúlù líle, èyí tó ń lẹ ìka mọ́ ìka, mo sì lẹ gbogbo oríkèé ẹ̀ pa. Àkọ́kọ́, mo lẹ̀ ẹ́ ní nínà. Èkejì kò wọ inú páálí indómì tí mo fẹ́ fi gbé e, mo bá ká a láàárín kó lè wọlé, mo sì lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí o: páálí indómì ló ká a.

Lọ́jọ́ Sátidé, fóònù Kánádà pe Àǹtí Mosún, ó jáde lọ gbà á. Ó ku èmi, àwọn ọmọ, àti Kàfáyà. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Kàfáyà, iwájú ló máa ń jókòó, bí lọ́yà ló sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Brọ̀dá Kútọnu, méjì lẹ ṣe. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n ni, àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?"

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí n ní mi ò mọ̀, ká dúró de Àǹtí. Mo gba èkejì.

"Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni! Àbí ẹ ò rí i bí ara wọn ṣe rí ni? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Báírò méjìlélógún ń dún ṣíṣíṣí. Ó dùn mọ́ mi! Mo ní, áà, báyìí ni tísà ṣe máa ń gbádùn tó.

Ní Mọ́ńdè, Àǹtí Mosún rí nóòtì Kàfáyà. Ó pè mí, ó kó àwọn igi mi sórí tábìlì.

"Yí èyí fún mi."

"Kò lè yí, Àǹtí. Mo lẹ̀ ẹ́ ni."

"O ṣe kí ni?"

"Kó má bàa máa mì."

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ló ń pa á. "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí Ọlọ́run dá kó máa yí lo fi gúlù dè." Ó mú èyí tó ká, ó fọwọ́ já igi àárín ẹ̀, kọ́ọ́! Ó ki igi ìgbálẹ̀ tuntun bọ̀ ọ́ láìfi gúlù sí i, ó sì rọra yí apá kan lọ. Ohun tó ká náà bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Nígbà tó máa fi tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ẹ ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

"Mélòó ló wà níbí?"

"Ọ̀kan, mà."

"Ìdè kan ṣoṣo ló wà láàárín káábọ́ọ̀nù kan àti èkejì. Ìdè kan ṣoṣo máa ń yí. Tọ̀sán tòru ló ń yí, kódà nínú láítà tó wà nínú àpò. Á nà, á ká, á tún nà. Kò já, kò sì di nǹkan míì. Kí ló wá di méjì lọ́jọ́ Sátidé?"

Páálí indómì ni.

Ọ̀gá gbọ́. Kò pariwo, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Fò ó," ló wí. "Tísà kì í sọ níwájú ọmọ pé òun ṣìṣe. Tí wọ́n bá gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ yẹn. Ní Sátidé, kọjá sí ohun tó kàn. Wọ́n á gbàgbé."

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń rí fún mi ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Gbogbo ilé á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Títì Agbowó á dákẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tó ń dákẹ́. Màá jókòó sí bákónì, màá máa ka àwọn òrùlé. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe mí níkà. Ẹni tí kò rí mi lánàá á béèrè mi lónìí. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ bí mo ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ àbọ̀ fún kó sì parí ẹ̀. Tí mo bá ní kí n ṣàwàdà, mo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀, àwàdà tí wọ́n bá sì ti ṣàlàyé ti di ìròyìn. Bóyá ìdí tí mo fi ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ìyẹn ni gbogbo ayé máa ń gbọ́ láìsí àlàyé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, bàbá mi pè. Orí àkàbà ni mo wà.

"Báwo ni iṣẹ́?"

Mo ní kí n parọ́. Mo wá ronú pé irọ́ tí mo ti pa lọ́sẹ̀ yẹn ti tó. Mo sọ gbogbo ẹ̀: igi, gúlù, páálí. Ó gbọ́ ọ tán. Mo ń gbọ́ tí ẹnìkan ń fá pákó lẹ́yìn ẹ̀.

"Ta ló ní kí o lẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ ní ohun tó bá ń mì, kí n kàn án mọ́lẹ̀."

"Ti àga ni mo sọ! Ṣé mo kan ìlẹ̀kùn mọ́lẹ̀ rí lójú ẹ?"

"Rárá, sà."

"Ìlẹ̀kùn yàrá wa, èmi ni mo ṣe é kí wọ́n tó bí ẹ. Ó ń ṣí, ó ń tì. Ṣé ó ti kúrò lára férémù? Tó bá ṣí, ṣé o máa ń ní ìlẹ̀kùn míì ti dé ni?"

Àti pé bàbá mi ò mọ káábọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí èédú o.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Ṣe é dáadáa. Àgbàdo ti fẹ́ gbó o."

Ìyá mi já fóònù gbà. "Ṣé ò ń jẹun? Kí ló ṣe ohùn ẹ? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn! Ọmọ Ìbàdàn ti gbà mí lọ́mọ o." Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Níbí, Kútọnu ni mí. Nílé, Ìbàdàn ni mí. Mo jókòó sórí àkàbà yẹn fún ìgbà díẹ̀, mò ń yẹ ara mi wò bóyá nǹkan kan ti já. Nǹkan kan ò já.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Mo kó báírò tó ti gbẹ, mo gé ike inú wọn wẹ́wẹ́, mo ki ike kan sínú ihò bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wáyà táyà kẹ̀kẹ́ gba inú ike méjì kọjá, mo tẹ ẹnu wáyà náà kó má bàa yọ. Ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo yí i, yí i bí ohun ìṣeré ọmọdé, títí Ìyá Bọ́lá fi bi mí bóyá ọmọ ọwọ́ kan wà nílé tí wọn ò sọ fún òun.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àǹtí Mosún wá kó àwọn ìwé ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ.

"Kútọnu, sọ òótọ́ fún mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Kí ni, Àǹtí?"

"Kéèyàn máa gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe tiẹ̀."

Mo wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan wà lẹ́yìn mi tó ń bá sọ̀rọ̀. Èmi! Mo ti gbàgbé pé lójú ẹ̀, òkè òkun lèmi wà báyìí. "Àǹtí, ẹ máa kọ́kọ́ gọ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń gọ̀. Tèmi ti kọjá mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ọpọlọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Tí wọ́n bá ní kí ẹ sún, ẹ sún. Wọ́n máa rò pé ẹ ti di ẹlòmíì. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́, ẹ ṣáà máa pe ilé."

Ó mi orí. Ó wá ní, "Àwọn méjìlélógún yẹn máa jókòó ṣèdánwò o. Ohun tó wà nínú nóòtì wọn ni wọ́n máa kọ."

"Ọ̀gá ní kí n fò ó, mà."

"Mo gbọ́." Ó gbé ìwé ẹ̀, ó lọ.

Sátidé dé. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn pátápátá, táì lọ́rùn, ìwé kékeré lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi ń ṣe ohun tí igi ìgbálẹ̀ ń ṣe kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu mi, Faransé ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣí nóòtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ọ̀gá gbójú sókè.

"Ibi tí ẹ kọ sí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹ fa ìlà sí i. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Mi ò mọ̀ ọ́n, mo sì tijú àtisọ pé mi ò mọ̀."

Mo gbọ́ tí àga ẹ̀yìn ké. Ọ̀gá dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Mo ti ń rí ayùn. Ṣùgbọ́n ojú méjìlélógún ṣì wà níwájú mi, mo wá ní tí wọ́n bá máa lé mi, ká tilẹ̀ kọ́ nǹkan ọ̀hún tán.

Mo kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tuntun tí mo ṣe, tó ní káábọ́ọ̀nù méjì péré, étéènì. Mo kọ orí ẹ̀ kan sí wọn. "Háídírójìn mẹ́ta wà níwájú, mẹ́ta wà lẹ́yìn. Tí mo bá yí i báyìí, tí tiwájú bo tẹ̀yìn gan-an, kí ló jọ?" Mo gbé e sún mọ́ wọn. "Ẹ wọ Máíkírà rí?"

"Háà!"

"Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyá kan jọ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Èjìká á gbún èjìká!"

"Ara ò ní tù yín. Ẹ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó yá, ẹnìkan sún síwájú, ẹnìkan fẹ̀yìn tì." Mo yí i díẹ̀, háídírójìn tẹ̀yìn yọjú láàárín tiwájú. "Ibi tára ti máa ń tù wọ́n jù nìyí. Àmọ́ wọn kì í gbé jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ooru ara nǹkan lásán tó láti tún tì wọ́n kọjá sí àyè tó kàn."

Kàfáyà nawọ́. Mo ti mọ̀ pé ó máa nawọ́. "Bútéènì yẹn wá ń kọ́? Èwo gan-an ni? Èyí tó nà ni, àbí èyí tó ká?"

"Méjèèjì. Èyí tó nà ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, torí pé orí rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra. Tó bá ká, ibẹ̀ á há díẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ló ń jẹ́. Nígbà tí Kàfáyà bá dìde, tó bá tún jókòó, ṣé orúkọ méjì ló ní?"

"Tó bá wá jẹ́ ìdè méjì ló wà láàárín wọn ńkọ́?"

Lọ́yà! Mo dúpẹ́ pé mo múra sílẹ̀. Mo mú káábọ́ọ̀nù méjì tí mo fi wáyà méjì so, mo fún un. "Yí i."

Ó tiraka. Ó fún eyín pọ̀. "Kò yí."

"Àfi kí o já ọ̀kan. Ní ti ìyẹn, tí àwọn tó so mọ́ ọn bá wà lápá kan náà, tàbí tí wọ́n bá wà lódìkejì ara wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lóòótọ́. Ìdè méjì ló lè jẹ́ kí ẹ sọ irú ohun tí mo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìdè kan kọ́, gúlù náà sì kọ́."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Báírò tún ń dún ṣíṣíṣí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mi ò gbádùn ẹ̀ rárá, torí ilẹ̀kùn ni mò ń wò.

Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Bútéènì mi kan wà níwájú ẹ̀, èyí tí mo fi dánra wò tí mo gbàgbé sórí fèrèsé.

"Kí ni mo sọ fún ẹ?"

"Ẹ ní kí n fò ó, sà."

"O fò ó?"

"Mi ò fò ó, sà."

Ó mú igi náà, ó ń yí i. Ó ká a, ó nà á. "Mélòó ló bọ́ sísàlẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni ò bọ́, sà. Wọ́n ṣì wà nínú kíláàsì, wọ́n ń du igi yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́."

"Mo mọ̀. Mo dúró lórí àkàbà, mò ń ṣọ́ wọn, mo sì ń gbọ́ ẹ." Ó tún yí i. "Ta ló kọ́ ẹ ní ti Máíkírà yẹn?"

"Ìyá kan tó bínú sí mi ni, sà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, táì ò jẹ́. "Kí n tó di ọ̀gá, kẹ́mísìrì ni mo fi jẹun. Ọdọọdún ni mò ń sọ fún ọmọ pé ó ń yí. Èmi fúnra mi ò rí i kó yí rí." Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Sátidé di tìẹ. Túsìdeè náà. Àmọ́ gbọ́ o: nóòtì irọ́ ẹ yẹn ti dé Challenge. Ìwọ fúnra ẹ lo ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀. Ẹnu tó pa á ló máa lọ tú u."

Mo pe ilé. Ìyá mi ló gbé e. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún Bàbá pé kí wọ́n wá ẹlòmíì tó máa mú ayùn. Mo gbọ́ tí wọ́n pariwo ẹ̀ kọjá àgbàlá, tí bàbá mi sì fèsì nǹkan kan láti ibi iṣẹ́.

"Kí ni wọ́n wí, Ìyá?"

"Wọ́n ní kí o wá ṣe ìlẹ̀kùn tìẹ síbẹ̀ nígbà náà."

Òní ni Túsìdeè. Orí àkàbà ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí, mò ń dúró de Ọ̀gá tó lọ gbé ọkọ̀. Nóòtì bíi márùndínlógójì ni wọ́n ní ó ń dúró dè mí ní Challenge, irọ́ márùndínlógójì tó ní òǹtẹ̀ ilé lẹ́sìn. Ó yẹ kí ẹ̀rù máa bà mí. Kò bà mí tó bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹnìkan ń dín àkàrà nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ ń yọjú wo páálí mi láti ojú fèrèsé, ọ̀kan nínú wọn sì ti béèrè bóyá a ṣì ń gba ọmọ sí kíláàsì. Mo tilẹ̀ fẹ́ sọ fún yín ohun tí mo rí nígbà tí mo...

"Kútọnu! Ṣé èmi ni kí n wá gbé ẹ ni? Jáde, àwọn èèyàn ń dúró!"

Mò ń bọ̀, sà!